Ta Ni Àtìpó ní Òkè-Ògùn?

Ní èrò tiwa, ẹ̀kọ́ ìtàn ìtẹ̀dó tí a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Òkè-Ògùn kò pé. A ń dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ìlú dó, a ń ki oríkì rẹ̀, a sì ń dúró síbẹ̀. Ìtàn àtìpó kì í wọ inú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àtìpó kì í ṣe ohun tuntun níhìn-ín. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé nígbà tí àwọn Tápà kó Ọ̀yọ́-Ilé, ilẹ̀ Ìbàrìbá ni Aláàfin Onígbogí sá lọ. Ọ̀fínràn ọmọ rẹ̀ ló kó àwọn ènìyàn bọ̀, Ṣakí ni ó sì wàjà sí. Lẹ́yìn náà ni Ìgbòho di ibùjókòó àwọn ọba Ọ̀yọ́, títí Aláàfin Abípa fi padà sílé. Bí ọba bá lè ṣe àtìpó, ta ni yóò fi orúkọ náà bú ẹlòmíràn?

Ní ayé òyìnbó, àwọn ọmọ Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì wà lára àwọn Yorùbá tó lọ ṣòwò ní Gáná, títí dé àríwá ibẹ̀. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò. Ọ̀pọ̀ ló fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní, 1983, ìjọba Shehu Shagari náà fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì; ará Gáná ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹkún tí a sun ní 1969 ni a mú kí ẹlòmíràn sun ní 1983.

Àwọn kan lè sọ pé irú ẹ̀kọ́ yìí yóò ki àlejò láyà láti gba ilẹ̀ mọ́ onílé lọ́wọ́. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ onílé wà níbẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí sí àlejò kò pa á rẹ́.

Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1969 ti lé dáadáa ní àádọ́rin ọdún báyìí. Kí olùkọ́ rán akẹ́kọ̀ọ́ sí irú àgbà bẹ́ẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú: kí ni wọ́n fi sílẹ̀? Ta ló gbà wọ́n sílé? Ọmọ Fúlàní àti ọmọ Ìbàrìbá tó jókòó nínú kíláàsì wa yóò gbọ́ ìdáhùn náà pẹ̀lú ọmọ onílé.