Ìfínpo: Ọ̀rọ̀ Tí Ó Tọ́ sí Ẹ̀rọ Ọkọ̀ Akẹ́rù

Ẹni tí ó bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí ó ti Òṣogbo gba Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù lọ sí Ọ̀fà kò ní pẹ́ rí ọkọ̀ akẹ́rù tí ń tú èéfín dúdú kirikiri. Awakọ̀ yóò ní epo ti pọ̀ jù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò kún tó: bóyá afẹ́fẹ́ ni ó kéré, bóyá ẹnu tí epo ń gbà jáde ni ó ń kán tótó. Ọmọṣẹ́ tí kò ní ju gbólóhùn kan ṣoṣo yìí lọ yóò máa yí ìdè tí kò yẹ kí ó fọwọ́ kàn.

Ẹ̀rọ tí ń lo epo dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná. Písítìnì a fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí yóò fi gbóná dé ibi tí epo tí ó bá wọ inú rẹ̀ yóò gbiná fúnra rẹ̀. Ní 1897, nígbà tí Rudolf Diesel parí ẹ̀rọ rẹ̀ ní Augsburg, ní Jámánì, afẹ́fẹ́ alágbára ni ó ń fẹ́ epo wọlé. Láti 1927 ni pọ́ǹpù Bosch ti gba iṣẹ́ yẹn ṣe, tí ó sì rọrùn láti gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sínú ọkọ̀ akẹ́rù.

Kí ni kí á pe iṣẹ́ pọ́ǹpù yìí? Olùtumọ̀ tí ń fi ojú Gẹ̀ẹ́sì wo nǹkan yóò sáré mú ‘abẹ́rẹ́’ wá, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún dókítà àti ẹ̀rọ. Àṣìṣe gbáà ni. Abẹ́rẹ́ kì í sọ oògùn di ìrì. Àgbẹ̀ tí ń fín oògùn sí kòkó ti ní ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu tipẹ́. Ìfínpo ni.

Bákan náà, ‘àtúnṣe’ kò bá a mu, nítorí ohun tí ó bàjẹ́ ni à ń tún ṣe. Ìṣètò ìfínpo ni ó yẹ, abẹ́ rẹ̀ ni ìwọ̀n ìfínpo àti àsìkò ìfínpo yóò sì wà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe da méjèèjì pọ̀ o! Bí ìwọ̀n bá ju ohun tí afẹ́fẹ́ lè jó lọ, èéfín á dúdú, ooru á sì lè yọ́ písítìnì. Bí àsìkò bá yá jù, ẹ̀rọ á máa kan gbágbá. Bí ó bá pẹ́ jù, agbára á dínkù. Ẹ̀kẹta ni ìmúdọ́gba ìfínpo: a ó gbé pọ́ǹpù ka orí ẹ̀rọ ìdánwò, a ó wo iye epo tí ẹnu kọ̀ọ̀kan dà sínú ìgò, kí sílíńdà kan má baà yó kí èkejì máa pebi.

Èdè-Ìperí Yorùbá tí ó jáde ní 1984 dá lé èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti mẹkáníìkì. Àwọn onímọ̀ mọ Òkukù nítorí ìwé Karin Barber lórí oríkì, tí ó jáde ní 1991. Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ìlú náà yẹ fún irú etí bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan lè ní kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣètò ìfínpo nínú àwọn ọkọ̀ tuntun, pé kò sí ìdè tí ọmọṣẹ́ yóò yí mọ́. Ìwọ̀n àti àsìkò náà ni kọ̀ǹpútà ń pinnu.