Apẹja Odò Tí Ó Fẹ́ Wọ Òkun

Àwọn àgbà a máa wí pé òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ẹni tí ń tu ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kàn jù lọ ni apẹja tí ó ti mọ odò dunjú, tí ó sì fẹ́ lọ pẹja lójú òkun fún ìgbà àkọ́kọ́. Èrò tèmi ni pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ara rẹ̀ di ọmọ-ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ àwọn tí a bí sí etí òkun. Kì í ṣe nítorí kí ó lè rí ẹja púpọ̀ pa nìkan ni mo ṣe wí bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe nítorí ẹ̀mí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò ní gbà fún mi. Wọn yóò ní, "Omi kò ju omi lọ, ẹja kò sì ju ẹja lọ. Ẹni tí ó ti ń fi ìwọ̀ pa àrọ̀ àti epìyà ní adágún Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn láti ìgbà èwe rẹ̀, kí ni ẹnikẹ́ni tún fẹ́ kọ́ ọ?" Ó dára, ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ẹ jẹ́ kí á mú apẹja Ẹlẹ́yẹlé yìí, kí á fi ojú inú gbé e lọ sí Tarkwa Bay lẹ́bàá ẹnu èbúté Èkó. Òkun ya wọ inú ilẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni ènìyàn sì fi í dé ibẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí yóò yà á lẹ́nu ni pé omi ibẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ní Ẹlẹ́yẹlé, odi tí a mọ ní ọdún 1942 ni ó sé odò Ọnà mọ́. Àfi bí òjò bá rọ̀ tàbí bí ọ̀dá bá dá ni omi rẹ̀ í pọ̀ sí i tàbí í dín. Ti òkun kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣùpá àti oòrùn ni ó ń fa omi òkun. Bí ayé sì ti ń yí, bẹ́ẹ̀ ni omi ń kún tí ó sì ń fà. Láti ìgbà tí omi bá kún dé góńgó títí di ìgbà tí yóò tún kún bẹ́ẹ̀, ó jẹ́ nǹkan bí wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25. Nítorí náà, bí omi bá kún ní agogo 6 òwúrọ̀ òní, yóò tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lẹ́yìn agogo 6 kí ó tó kún lówùúrọ̀ ọ̀la. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti nígbà tí ó bá yọ kíkún, omi a kún ju bí ó ti í kún lọ, a sì fà ju bí ó ti í fà lọ.

Ní Èkó, gíga omi tí ń kún yìí kò pọ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò kéré. Ẹnu tóóró kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú omi ọ̀sà Èkó ń gbà jáde sínú òkun. Nígbà tí omi tí ń fà bá pàdé ìgbì tí ń ti ojú òkun bọ̀, ìgbì náà a ga sókè ṣóńṣó, ó sì lè dojú ọkọ̀ kékeré dé. Ẹni tí kò mọ wákàtí omi yóò máa tu ọkọ̀ lòdì sí i títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Ọmọ etí òkun yóò kàn jókòó jẹ́jẹ́ ni, yóò dúró de àkókò tí omi yóò yí padà.

Ohun kejì ni ọ̀nà tí à ń gbà dá ọkọ̀ ró. Lórí adágún, òkúta kan àti okùn kúkurú tó láti mú ọkọ̀ dúró. Lójú òkun, okùn ìdákọ̀ró gbọ́dọ̀ gùn tó ìlọ́po márùn-ún jíjìn omi, ó kéré tán, kí irin rẹ̀ lè dùbúlẹ̀ kí ó sì ha mọ́ iyanrìn. Iwájú ọkọ̀ ni a sì gbọ́dọ̀ so ó mọ́. Bí a bá so ó mọ́ ìdí ọkọ̀, ìgbì yóò máa ti ẹ̀yìn dà sínú ọkọ̀ títí yóò fi rì. Bákan náà ni ẹ̀wù tí í mú ènìyàn léfòó lórí omi: kí a wọ̀ ọ́ sọ́rùn ni, kì í ṣe kí a fi ṣe ìrọ̀rí. Ẹni tí ó mọ ìwẹ̀ nínú adágún tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ kò tíì bá ìgbì jà.

Ohun kẹta ni iyọ̀. Nínú lítà omi òkun kan, iyọ̀ tí ó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí gíráàmù 35. Bí òùngbẹ bá mú ẹnìkan tó fi mu omi náà, kíndìnrín rẹ̀ yóò lo omi ara tí ó ju èyí tí ó mu lọ láti fi fọ iyọ̀ yẹn dànù, òùngbẹ náà yóò sì máa le sí i. Omi yí apẹja ká lọ́tùn-ún lósì, síbẹ̀ òùngbẹ lè pa á bí kò bá gbé omi mímu dání. Iyọ̀ yìí kan náà ni í mú ìwọ̀ dípẹtà láìpẹ́ ọjọ́, bí a kò bá fi omi tútù tí kò níyọ̀ ṣan án nígbà tí a bá dé ilé.

Ẹja gan-an kì í ṣe ọ̀kan náà. Okùn tí ó ti fa àrọ̀ ńlá jáde ní Ẹlẹ́yẹlé, ẹja kúta yóò fi eyín rẹ̀ tí ó mú bí abẹ gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Okùn onírin tẹ́ẹ́rẹ́ ni a fi í so ìwọ̀ tirẹ̀. Irú ẹja pẹlẹbẹ kan sì wà tí ó ní ẹ̀gún olóró ní ìrù. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò fi ọwọ́ gbá a mú bí ẹni mú epìyà.

N kò wí pé ohun tí odò kọ́ni di asán. Sùúrù, ìdákẹ́jẹ́, bí a ti í so ìwọ̀ kí ó má tú, bí a ti í mọ̀ nípa ọwọ́ pé ẹja ti fọwọ́ kan ìjẹ: gbogbo ìwọ̀nyí wúlò níbikíbi tí ẹja bá wà. Ṣùgbọ́n a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Àwọn baba wa pàápàá kò ka omi sí ọ̀kan náà. Wọ́n ní Ọ̀ṣun ni ó ni odò Ọ̀ṣun, Yemọja ni ó ni odò Ògùn, ṣùgbọ́n Olókun ni wọ́n fi òkun fún.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì tún ń rò pé ìtìjú ni kí àgbà apẹja kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ọmọ Ìlàjẹ tàbí ọmọ Ẹ̀gùn, kí ó wo àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ńláńlá. Ní ìgbà àtijọ́, iyanrìn tí ó dí ẹnu òkun Èkó kì í jẹ́ kí wọ́n wọlé. Forcados ni wọ́n ti máa ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ kéékèèké. Ní ọdún 1908 ni a bẹ̀rẹ̀ sí fi òkúta mọ odi sí ẹnu òkun náà, ọ̀nà sì là. Síbẹ̀, títí di òní, ọ̀gá ọkọ̀ tí ó ti la agbami já láti ìdíkejì ayé kì í dá wọ èbúté Èkó. Atọ́nà tí ó mọ omi ibẹ̀ ni í gòkè wá bá a, tí í sì fi ọ̀nà hàn án. Kò sí ẹni tí í fi èyí pè é ní òpè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí ẹja pípa. Lọ́jọ́ kan, ẹ óò fi ilé-ìwé yìí sílẹ̀ lọ sí ibi tí omi rẹ̀ kò rí bí èyí tí ẹ ti mọ̀. Ẹ má ṣe ju ìmọ̀ tí ẹ ní nù, ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi àjẹ̀ kan omi, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ onílé ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tí ó ń fà.