Eruku Òdòdó Tí Ó Mọ Àgbà Òkúta

Bí ẹ bá gba àárín oko àgbàdo kọjá nígbà tí ó yọ òdòdó, ẹ ó rí eruku kan bí àtíkè lára aṣọ yín. Ẹ ó gbọ̀n ọ́n nù, ó parí. Ṣùgbọ́n irú eruku bẹ́ẹ̀ ni àwọn awapo fi ń mọ èwo ni àgbà nínú àwọn òkúta abẹ́ ilẹ̀.

Afẹ́fẹ́ àti odò ni wọ́n ń gbé e lọ sínú ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ a máa gorí ẹrẹ̀ títí ti ìsàlẹ̀ yóò fi di òkúta. Ewé a jẹrà, igi a jẹrà, ṣùgbọ́n èèpo eruku òdòdó le púpọ̀. Wọn a da òkúta náà sínú ásíìdì tí ń jẹ gíláàsì pàápàá (kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré o!), òkúta a yọ́, eruku a kù. Bí wọ́n bá fi maikirosíkóòpù wò ó, wọn a rí àmì lára rẹ̀, bí ilà ojú ti í fi ìdílé hàn. Ewédò tíntìntín inú òkun náà a máa fi èèpo tirẹ̀ sílẹ̀. Irú igi kan a dé, a lo ìgbà tirẹ̀, a sì parun. Òkúta tí a bá ti bá a, ìgbà yẹn ni tirẹ̀.

Èyí wúlò púpọ̀ ní Niger Delta, níbi tí a ti rí epo ní Oloibiri ní 1956, nítorí yanrìn àti amọ̀ ibẹ̀ jọra wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Amọ̀ kànga méjì lè dọ́gba lójú, kí ọjọ́ orí wọn sì jìnnà síra. Ẹni tí ó bá ṣì í yóò ná owó ńlá sórí ihò òfìfo. Ní 1968, Germeraad, Hopping àti Muller tẹ ìwé kan jáde tí ó fi eruku òdòdó Nàìjíríà wé ti Kàríbíánì àti ti Borneo. Ti igi ẹ̀gbà, tí ń na gbòǹgbò nínú omi iyọ̀, wà nínú rẹ̀.

Ẹ wá wo ọgbọ́n wọn. Bí ẹ̀rọ bá ń gbẹ́lẹ̀ lọ, òkúta òkè a máa já bọ́ sísàlẹ̀, eruku tuntun a sì dàpọ̀ mọ́ ti àtijọ́. Nítorí náà, ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé irú kan bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ ni wọ́n ń gbára lé, nítorí kò sí ohun tí í já láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Odò pẹ̀lú lè ha òkúta àgbà, kí ó kó eruku rẹ̀ wá sínú ẹrẹ̀ tuntun. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi ẹyọ kan ṣẹ̀rí.

Ọdún mélòó wá ni? Eruku kì í sọ ìyẹn. Ẹni tí ó ṣáájú àti ẹni tí ó tẹ̀lé ni ó ń sọ. Eérú òkè oníná, tí ó bọ́ sáàrin irú ìpele bẹ́ẹ̀ ní ibòmíràn láyé, ni wọ́n ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó mọ iye ọdún.