Èsì sí Àròkọ Lórí Ẹ́ńjìnì Camry



Àròkọ tó pe ẹ́ńjìnì Camry "Orobo" ní baba gbogbo ẹ́ńjìnì Camry sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Ẹ́ńjìnì 5S-FE tó wà nínú Orobo ọdún 1992 sí 1996, tó jẹ́ lítà 2.2, ní bọ́lọ́ọ̀kù onírin, ìyẹn ara ẹ́ńjìnì tí písítìnnì ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni bí bẹ́líìtì tó ń mú fáàfù àti písítìnnì rìn pọ̀ bá já, ọkọ̀ yóò kàn kú ni, fáàfù kò ní tẹ̀.

Àmọ́ bẹ́líìtì náà gbọ́dọ̀ máa di pípààrọ̀ lóòrèkóòrè, nígbà tí ẹ́ńjìnì 2AZ-FE inú Camry "Big Daddy" ọdún 2002 sí 2006, tó jẹ́ lítà 2.4, ń lo ṣéènì tó máa ń pẹ́ jù ú lọ, tó sì ní VVT-i, ètò tó ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà bí eré ẹ́ńjìnì bá ṣe rí. Ẹni tó ń gun ọ̀nà Ìdànrè pẹ̀lú èrò mẹ́rin yóò mọ ìyàtọ̀ náà lára.

Ibi tó yẹ kí àròkọ náà ti bá 2AZ-FE wí ni bọ́lọ́ọ̀kù álúmíníọ̀mù rẹ̀, nítorí pé ojú ihò bóòtù tó di orí ẹ́ńjìnì mú lápá ẹ̀yìn lè jẹ dànù, tí omi yóò máa jò, tí ẹ́ńjìnì yóò sì gbóná. Síbẹ̀, 2AZ-FE ló dára jù fún ẹni tó ń tọ́jú ọkọ̀. Kí ẹni tó fẹ́ ra "Big Daddy" tòkunbọ̀ lójú ọ̀nà Oda ní Àkúrẹ́ jọ̀ọ́ tan iná sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì, kó wá àpá omi tó ti gbẹ níbẹ̀ kó tó sanwó.