Ọgbẹ́ Tó Ní Irin Nínú: Ẹ Má Tú Kápúsù Sí I O!

Ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́, ẹ̀yin ará Ọ̀kà, ẹ gbọ́ o! Ẹni tí wọ́n fi irin to eegun fún, tàbí tí wọ́n pààrọ̀ orúnkún tàbí oríkèé ìbàdí fún, tí ojú iṣẹ́ abẹ rẹ̀ bá tún ń sun omi tàbí ọyún, kó má gba kẹ́míìsì lọ. Kó padà sọ́dọ̀ dókítà eegun lónìí.

Gbogbo wa la mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Ọ̀kà ń ṣẹ́ni léegun, ọ̀kadà ń ṣẹ́ni léegun. A ò sì tíì gbàgbé ọjọ́ 23, oṣù Kìíní, ọdún 2021, tí ọkọ̀ akẹ́rù ya pa àwọn ọmọ ọlọ́mọ nítòsí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá. Ó dùn mí gan-an pé ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ irú ewu bẹ́ẹ̀ tún lè tìtorí ọgbẹ́ pàdánù ẹsẹ̀.

Mo ti rí i rí. Àmì omi rúsúrúsú kan wà lára báńdéèjì ọmọ kan tí wọ́n fi irin to eegun fún, kò ju hóró àgbàdo lọ. Ìyá ọmọ náà já kápúsù pupa òun yẹ́lò, ó tú ẹ̀tù rẹ̀ sójú ọgbẹ́. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Òkè gbẹ, inú ń jẹrà.

Ẹ wo inú àmù tí wọn kì í fọ̀: ohun yíyọ̀ kan a máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ da omi sí i títí, kò ní ṣí, àfi kẹ́ ẹ fi kànhìnkànhìn ha á. Bí kòkòrò àrùn ṣe ń bo ara rẹ̀ mọ́ irin nìyẹn. Oògùn tá a gbé mì kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án níbẹ̀. Bó bá sì ṣe ń pẹ́ tó ló ń le sí i.

Kì í ṣe ọyún nìkan ni àmì. Oríkèé lè wú kó sì gbóná, ìrora tó ti lọ lè padà dé, kódà lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ẹ má lo oògùn apakòkòrò kankan kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, torí ó lè fi kòkòrò náà pa mọ́ fún àyẹ̀wò. Dókítà á gba ẹ̀jẹ̀, á ya fọ́tò eegun, á fi abẹ́rẹ́ fa omi oríkèé, tàbí kó gé ẹran díẹ̀ níbi bíi márùn-ún nínú ọgbẹ́. Èyí tí wọ́n kàn fi òwú nù lójú awọ ò tó. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá ń mú aláìsàn náà tó ń gbọ̀n, tó ń mí gúlegúle, tàbí tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ̀mí ló wà nínú ewu yẹn; ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Bí wọ́n bá tètè rí àrùn náà, wọ́n lè ṣí ojú ọgbẹ́, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n ha á, kí irin sì dúró. Oògùn á wá tẹ̀ lé e fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà mìíràn títí di oṣù mẹ́ta. Bó bá ti pẹ́, wọ́n lè ní láti yọ oríkèé àtọwọ́dá náà, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì olóògùn dí àyè rẹ̀, kí wọ́n tó fi òmíràn sí i. Ti eegun tó ṣẹ́ yàtọ̀: bí irin bá ṣì dì í mú dáadáa, dókítà lè fi í sílẹ̀ títí eegun á fi so. Nítorí náà, kí irin má bàa yẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ẹsẹ̀ tàbí apá náà tàbí kó máa fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́.

Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìkàrẹ́, Federal Medical Centre wà ní Ọ̀wọ̀. Ẹ mú káàdì, fọ́tò eegun àti páálí gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ti lò dání. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kílẹ̀ ọ̀la mọ́ bá aláìsàn náà nílé.