Káàdì Tí Ilé-Iṣẹ́ Kọ̀ Sílẹ̀ Kò Tíì Kú

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: ta ló ni kọ̀ǹpútà tí a fi owó ara wa rà, tí a sì fi ọwọ́ ara wa tò? Akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò tu owó jọ, yóò ra bọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ àti káàdì àwòrán tòkunbọ̀, yóò tò wọ́n pọ̀, yóò sì gbé Linux tuntun sórí rẹ̀. Bí ó bá ti fi dráífà ilé-iṣẹ́ sí i, ojú kọ̀ǹpútà á dúdú kirikiri. Àwọn ọ̀rẹ́ á ní, "Káàdì yẹn ti kú, lọ ra òmíràn." Irọ́ ni!

Ẹ wo GTX 680 tí Nvidia gbé jáde ní 2012. Ní 2021 ni wọ́n dá dráífà tuntun dúró fún un. Àtúnṣe ti ààbò nìkan ló kù, ìyẹn náà sì parí ní 2024. Kò sí wáyà tó já nínú káàdì náà lọ́jọ́ náà. Dráífà ni ògbufọ̀ láàárín káàdì àti kọ̀ǹpútà. Ògbufọ̀ ni wọ́n mú lọ.

Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ mìíràn wà. Nouveau ni orúkọ rẹ̀, inú Linux ló sì wà láti 2010. Àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ Nvidia ló jókòó ti káàdì títí wọ́n fi mọ èdè rẹ̀. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá dúdú, ẹ tẹ e níbi GRUB, ẹ fi nomodeset kún ìlà linux, ẹ tẹ F10. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ yọ dráífà àtijọ́ kúrò, kí ẹ sì wo /etc/modprobe.d dáadáa: dráífà ilé-iṣẹ́ a máa kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí Nouveau má wọlé. (Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú.) Ẹ pa ìlà náà rẹ́, ẹ ṣe update-initramfs, ẹ tan kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Káàdì á jí, ṣùgbọ́n á máa rá pálá. Ẹ ka fáìlì pstate tó wà ní /sys/kernel/debug/dri/0. Bí 0f bá wà nínú rẹ̀, ẹ fi àṣẹ root kọ 0f padà sínú rẹ̀, eré á sì dé. Ẹ kọ́kọ́ fi iṣẹ́ yín pamọ́ o, nítorí kọ̀ǹpútà lè gan.

Ibi tó ń bí mi nínú gan-an nìyí. GTX 970 jáde ní 2014, àbúrò ni sí 680, síbẹ̀ Nouveau kò lè mú un sáré. Kí ló dé? Òǹtẹ̀ Nvidia gbọ́dọ̀ wà lára ohun tí yóò pàṣẹ eré fún un. Ní 2022 wọ́n ṣí apá kan dráífà wọn sílẹ̀ fún gbogbo ayé, àmọ́ káàdì 2018 sókè nìkan ló jàǹfààní rẹ̀. Ní 2025 wọ́n sì kéde pé dráífà ìran 580 ló kẹ́yìn fún 970 àti GTX 1060.

Àwọn kan á ní ilé-iṣẹ́ kò lè máa gbé ẹrù àtijọ́ títí ayé. Mo gbà. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gbé e. Ṣé ẹni tó kó kúrò nílé, tó ti gba owó ilé pé, yóò tún mú kọ́kọ́rọ́ lọ? Kí wọ́n fi òǹtẹ̀ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ.

Ní báyìí ná, ẹ̀yin tí ẹ ní 970, ẹ má sáré tà á: ìran 580 ń gbé e. Kernel tuntun ni kí ẹ má kàn máa gbé wọlé láìbéèrè.