Kírẹ́dítì Kò Dọ́gba

Nínú ẹ̀yáwó tí ìgbìmọ̀ ń gbé yẹ̀ wò, ti owó ilé-ìwé kì í kéré, a kò sì lòdì sí i rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn òbí máa ń sọ ní Alajue níbí: "Ipò kìíní lọmọ mi ń gbà, yunifásítì ti bọ́ sí i lọ́wọ́."

Ipò kìíní dára. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá gbà á, kó pa adìẹ fún un. Àmọ́ àwọn yunifásítì wa kì í béèrè ipò ọmọ nínú kíláàsì. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Texas ṣòfin ní 1997 pé kí àwọn yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ náà gba ọmọ tó bá wà nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú ọgọ́rùn-ún níléèwé rẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. A sì rò pé ó sàn bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó ṣe ìkíní láàárín ọmọ méjìlá lè má tó ẹni tó ṣe ìkẹẹ̀ẹ́dógún láàárín ọgọ́rùn-ún.

Èyí tó ń dùn wá jù ni àwọn tó ń wí pé, "Kírẹ́dítì ni kírẹ́dítì, márùn-ún ṣáà ti pé." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú bírò. Nínú ìṣirò tí OAU Ilé-Ifẹ̀ ti ń lò láti ọdún mélòó kan, máàkì JAMB, tó jẹ́ 400, ni wọ́n ń pín sí mẹ́jọ kó lè di 50. Ìdánwò tiwọn gba 40. Mẹ́wàá tó kù, WAEC tàbí NECO ló ni ín: A1 kan jẹ́ 2, C6 kan jẹ́ 1. A1 márùn-ún di 10, C6 márùn-ún di 5. Àlàfo márùn-ún yẹn tó 40 máàkì nínú JAMB! Ọmọ tó gba 250 pẹ̀lú C6 márùn-ún kò ju ọmọ tó gba 210 pẹ̀lú A1 márùn-ún lọ. Ní Unilag, níbi tí WAEC ti gba 20, àlàfo náà ń di 80 máàkì JAMB. Ní Ìbàdàn ńkọ́? JAMB àti ìdánwò tiwọn ni wọ́n ń pín dọ́gba. Kí kírẹ́dítì ṣáà ti pé.

Nítorí náà, ẹni tó ń yáwó lọ́dọọdún fún olùkọ́ JAMB, tí èsì WAEC ọmọ rẹ̀ kún fún C6, kó wò ó bóyá WAEC ló yẹ kí ọmọ náà tún ṣe, kó sì kọ́kọ́ béèrè bóyá yunifásítì tó ń lọ ń gba ìjókòó méjì.

Ti àwọn tó ń wá owó láti gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sójú pátákó, èrò tiwa ni pé kí ẹgbẹ́ má ṣe yá wọn ní kọ́bọ̀. Owó àwọn ìyá tó ń ta gàrí wà nínú àpò yìí. A1 tí wọ́n rà kò sì lè bá ọmọ dáhùn ìdánwò yunifásítì.

Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀yáwó ilé-ìwé, kó mú èsì WAEC ọmọ náà wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kó sì sọ yunifásítì tó ń wò. Àwa a mú ìwé àti bírò dání.